Mo fẹ́ jáde nínú SBP kí ọdún kẹta tó pé, ẹ̀yin sọ́jà tó ti rìtáyà ẹ bá mi dá sí i

BabaIbeji_Killeen

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ẹ ti wọ kàkí Amẹ́ríkà rí. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti bí oṣù méjì, mi ò rí ẹni bá sọ ọ́ dáadáa, torí àwọn òyìnbó tí a jọ ṣiṣẹ́ tí mo bi, ilé tiwọn ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń dá mi lóhùn, wọn ò mọ bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ SBP ni. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, owó yìí ni wọ́n máa ń yọ lára pẹ́ńṣàn ológun lóṣooṣù kí ìyàwó ẹ̀ lè máa rí nǹkan gbà tó bá kú, torí pẹ́ńṣàn fúnra ẹ̀, ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá kú ló ń dúró, ìyàwó kì í jogún ẹ̀. Lọ́tìrì físà ni mo fi wọ̀lú yìí ní 2001, mo wọ Army ní 2003, mo lo ogún ọdún gééré, Ìráàkì lẹ́ẹ̀mejì, Afghanistan lẹ́ẹ̀kan, mo dẹ̀ rìtáyà ní September 2023 ní ipò sájẹ́ńtì, E-7. Lọ́jọ́ tí à ń ṣe ìwé ìrìtáyà, wọ́n kó fọ́ọ̀mù rẹpẹtẹ síwájú mi, ara mi ti ń wá ilé, gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n sáìn ni mo sáìn, bí mo ṣe wọ SBP nìyẹn, mi ò jókòó ronú lé e lórí.

Owó mi jẹ́ 2,600 dọ́là lóṣù kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. SBP ìyàwó ń gbé 169 lọ níbẹ̀, ti àwọn ọmọ ò tó nǹkan. Tí ẹ bá wò ó lóṣù kan ẹ lè ní kò pọ̀, àmọ́ lọ́dún ó ju ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là lọ, ilé tí mò ń kọ́ ní Mọ́níyà n'Íbàdàn ti dúró sí lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì láti ọdún tó kọjá, àwọn ìbejì mi ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún, owó yunifásítì ń bọ̀. Ìyàwó mi dẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó níṣẹ́, ó ní 401k tiẹ̀, owó tó ń fi pa mọ́ de ìgbà ìfẹ̀yìntì. Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń ta ìnṣọ́ránsì ní kí n fi SBP sílẹ̀, kí n ra term life, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí tó ní iye ọdún, pé ó dín lówó ó tún pọ̀ lérè. Bàbá kan tó ti rìtáyà tipẹ́ sì tún sọ fún mi pé kódà tí mo bá kú, owó tí VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àwọn tó ti ṣe ológun, máa fún ìyàwó mi máa jẹ SBP yẹn tán, pé bí ẹni ń da omi sínú agbọ̀n ni.

Mo gbọ́ pé àyè kan wà láàárín ọdún kejì sí ọdún kẹta téèyàn lè fi jáde. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé wọ́n máa dá èyí tí wọ́n ti yọ padà fún mi? Ṣé dandan ni kí ìyàwó mi sáìn, torí kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú rárá, tí mo bá ti ní "tí n ò bá sí mọ́" á ti dìde kúrò níbẹ̀. Tí mo bá dẹ̀ jáde tán tí ọkàn mi wá yí padà ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣeré o, ọ̀rọ̀ tó jẹ mí lógún ni.

Finance_Ekiti

Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìnàjò ogún ọdún. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe finance nínú Army kí n tó bọ́ síta, fọ́ọ̀mù yìí ti gba ọwọ́ mi kọjá dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ìpinnu wá kù sọ́wọ́ ẹ̀yin àti màmá ìbejì.

Òótọ́ ni pé àyè wà. Ọdún kan péré ni, ó ń ṣí lọ́jọ́ tó bá pé ọdún méjì tí owó ìrìtáyà ti ń wọlé, ó dẹ̀ ń pa dé tí ọdún kẹta bá pé. Tó bá jẹ́ September 1, 2023 ni owó tiyín bẹ̀rẹ̀, ó ti ṣí láti September 1, 2025 nìyẹn, tí August 2026 bá ti parí, ó tán. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́ o, mo mọ àwọn tí ìwé wọn wà lójú ọ̀nà tí ọjọ́ fi kọjá. Kó tó di 1998, àyè yìí ò sí rárá, ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ tí ìyàwó ẹ̀ wà láàyè tí wọ́n dẹ̀ jọ wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ọ̀nà jáde.

Fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ máa kọ ni DD 2656-2. Ẹ̀yin á sáìn, ìyàwó yín náà á sáìn, tiẹ̀ dẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ níwájú nótárì. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè yí i, bọ̀dá mi, tí kò bá sáìn, kò tíì ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ṣe òfin yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, torí owó náà, ti obìnrin yẹn ni, kì í ṣe tiyín. Ẹ̀yin lẹ̀ ń san án, òun ló máa jẹ ẹ́.

Èyí tí wọ́n ti yọ, wọn ò ní dá kọ́bọ̀ padà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dẹ̀ ti jáde, ẹ ti jáde nìyẹn, kò sí pé ẹ tún padà wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, kódà ká ní ẹ fẹ́ ìyàwó míì lọ́jọ́ iwájú, ẹ ò lè fi í sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn tún máa ń rò pé àwọn lè dín in kù, pé kí wọ́n máa yọ ìdajì. Rárá o. Nínú àyè ọdún kan yìí, ó jẹ́ kẹ́ ẹ wà níbẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ jáde pátápátá.

Ọ̀rọ̀ tí bàbá yẹn sọ nípa VA, kì í ṣe irọ́, ó ti pẹ́ ni. Tẹ́lẹ̀, tí àìsàn tàbí ọgbẹ́ téèyàn kó látinú iṣẹ́ ológun bá pa á, VA máa ń fún ìyàwó ẹ̀ ní owó kan tí wọ́n ń pè ní DIC, iye DIC yẹn ni wọ́n dẹ̀ máa ń yọ kúrò lára SBP, dọ́là kan sí dọ́là kan. Ọ̀pọ̀ opó ni SBP wọn di òfo báyẹn. Òfin tí ìjọba fọwọ́ sí níparí 2019 ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀ láti 2021, nígbà tó fi máa di January 2023 ó ti tán pátápátá. Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, tí ìyàwó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí méjèèjì, méjèèjì ló máa gbà pé.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. 6.5% lára 2,600 ni 169 yẹn. Ohun tí ìyàwó yín máa gbà tẹ́ ẹ bá kú ni 55%, ìyẹn 1,430 dọ́là lóṣù, títí tó fi máa kú, ó dẹ̀ ń lọ sókè bí ọjà bá ṣe ń wọ́n. Lọ́dún kan, 17,160 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fi ọgbọ̀n ọdún san 169 láìyí padà, 60,840 ni gbogbo ẹ̀, ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ tó bá fi gbà á, ó ti gba owó yẹn tán, gbogbo ọdún tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn jẹ́ èrè. Wọ́n tún ń yọ 169 yẹn kí wọ́n tó ṣírò owó orí ìjọba àpapọ̀, tẹ́ ẹ bá wà níbi tí wọ́n ti ń gba 22%, bíi 132 ló jẹ́ lápò yín gan-an. Tẹ́ ẹ bá ti san án fún oṣù 360 tẹ́ ẹ dẹ̀ ti pé àádọ́rin ọdún, ẹ ò san mọ́, ààbò ṣì wà.

MamaNorfolk

Àbúrò mi, mo kí ọ. Mi ò kì í sábà kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà, àmọ́ nígbà tí mo rí ọ̀rọ̀ ilé Mọ́níyà yẹn, àyà mi já.

Ọkọ mi lo ọdún mẹ́rìnlélógún nínú Navy, ó rìtáyà ní 2006. Ní 2008, nígbà tí àyè yẹn ṣí fún un, ó gbé irú fọ́ọ̀mù yìí wálé. À ń kọ́lé n'Íkòròdú nígbà yẹn, òrùlé ló kù, ó ní owó SBP yẹn á bá wa ra páànù, pé òun lágbára, pé bàbá òun lo ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin láyé. Mo ní mi ò ní sáìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi bá ara wa yodì, ó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ láti ilé kó bá mi sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí àbúrò òun kú ni mo fi ń di owó ikú mú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Síbẹ̀ mi ò sáìn, kì í ṣe pé mo gbọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ o, mo rí bí ìyá mi ṣe jìyà lẹ́yìn ikú bàbá mi ni. Ó gbé fọ́ọ̀mù náà sínú dúrọ́ọ̀, kò dárúkọ ẹ̀ mọ́.

2017 ló lọ. Ọkàn ni, lójú oorun, ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ikú ò dájọ́, àrùn ò dóṣù, èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn fún ọ, torí kò sẹ́ni tó máa ń sọ ọ́. Pẹ́ńṣàn ẹ̀ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí tó ti wọ àkáǹtì lóṣù tó kú, wọ́n fà á padà látinú bánkì, wọ́n wá ṣírò iye ọjọ́ tó fi wà láàyè nínú oṣù yẹn, ìyẹn ni wọ́n san fún mi lẹ́yìn tí mo kọ fọ́ọ̀mù SF 1174. Tí mo bá ti ná owó yẹn síbi ìsìnkú ńkọ́? Fún SBP, mo kọ DD 2656-7, mo fi ìwé ẹ̀rí ikú kún un. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ó gba sùúrù, owó ilé ò dẹ̀ dúró dè mí, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló bá mi san oṣù méjì.

Wọ́n tún gbà pé iṣẹ́ Navy ló fa àìsàn ọkàn ẹ̀, DIC wọlé, ló bá gbé èyí tó pọ̀ jù nínú SBP lọ, bí Finance ṣe sọ yẹn gan-an. Mo sunkún. Àwa opó kọ lẹ́tà sí àwọn tó wà ní Kọ́ńgíréèsì, ọdún lórí ọdún, owó orí opó la máa ń pè é. Nígbà tó di February 2023 tí mo rí méjèèjì pé nínú àkáǹtì mi, mo jókòó sínú mọ́tò níwájú bánkì, mi ò lè wakọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé nìyí. Ilé Ìkòròdú yẹn, a parí ẹ̀. Ta ló wà nínú ẹ̀ lónìí? Àwọn ẹbí ọkọ mi. Wọ́n ṣe ìpàdé lẹ́yìn ogójì ọjọ́, wọ́n ní ilé ọmọ àwọn ni, pé èmi ti ní Amẹ́ríkà. Ìwé ilẹ̀ wà lórúkọ ẹ̀ nìkan, kò ṣe ìwé ìhágún, mo jẹ́ kí wọ́n máa gbé e torí mi ò lágbára ẹjọ́. Mọ́tò, wọ́n béèrè. Aago ọwọ́ ẹ̀, wọ́n béèrè. SBP nìkan ni wọn ò rí béèrè, torí kì í ṣe ogún, kò sí nínú ohun tí ọkọ mi fi sílẹ̀, láti ọwọ́ ìjọba sọ́wọ́ mi tààrà ni. Àgbà ẹbí kankan ò lè pín in. Àbúrò mi, gbogbo ohun tí o ní pátá, wò ó dáadáa, ìyẹn nìkan ló lè jẹ́ pé orúkọ ìyàwó rẹ ló wà lórí ẹ̀ láìsí ẹni tó lè bá a dù ú.

Egba_ATL

Màmá Norfolk, ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á máa bá yín gbé. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fẹ́ sọ tèmi náà, torí mo wà lára àwọn tó jáde, mi ò dẹ̀ kábàámọ̀, àmọ́ ìdí tí mo fi jáde ló ṣe pàtàkì. 2015 ni mo rìtáyà ní Air Force. Àyè ọdún kẹta ti kọjá lára mi láìmọ̀, nígbà tí ìjọba wá ṣí SBP sílẹ̀ láti December 2022 títí dé January 1, 2024, pé ẹni tó wà níta lè wọlé, ẹni tó wà nínú lè jáde, ni mo lò ó. Ìyàwó mi, ó ti ṣe ológun bíi tèmi, ọdún méjìlélógún, ó ní pẹ́ńṣàn tiẹ̀ lọ́tọ̀. A ti sanwó ilé tán. A ò ní ọmọ kékeré nílé. Mo ti ra ìnṣọ́ránsì nígbà tí mo ṣì kéré lọ́jọ́ orí tára mi ṣì le, ó dẹ̀ máa dé ọdún márùndínlọ́gọ́rin mi. Àwa méjèèjì jókòó, a fi kálámù ṣírò ẹ̀, ìyàwó mi ló tiẹ̀ kọ́kọ́ ní ká jáde, ó sáìn pẹ̀lú ẹ̀rín.

Bọ̀dá Killeen, ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, term life tí arákùnrin yẹn fẹ́ tà fún yín, ṣé wọ́n ti yẹ ara yín wò? Ṣé ó ti fún yín ní iye tó máa jẹ́ lórí ìwé, àbí ẹnu lásán ni? Torí òótọ́ ni pé owó ìnṣọ́ránsì máa ń bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó lódindi láìsí owó orí lórí ẹ̀, SBP dẹ̀ jẹ́ owó tí wọ́n ń gba owó orí lé lórí lọ́dọ̀ ẹni tó bá ń gbà á, ìyẹn jẹ́ àǹfààní tiẹ̀. Àmọ́ term ní ọjọ́ tó máa parí. Tó bá jẹ́ ogún ọdún tẹ́ ẹ dẹ̀ kú ní ọdún kọkànlélógún, kò sí nǹkan kan. SBP ò bi ara yín léèrè, ẹ̀jẹ̀ ríru o, ìtọ̀ ṣúgà o, kò kàn án. Kò yẹ kéèyàn fi ọwọ́ kan jù ú sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ kejì ò tíì di nǹkan míì mú. Kẹ́ ẹ rí ìwé ìnṣọ́ránsì tuntun yẹn gbà ná, kó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù 2656-2.

Ijesha_Fayetteville

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè tèmi tẹ̀lé e. Èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi ti kọ ara wa sílẹ̀ ní kóòtù lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣì ń yọ SBP lórí owó mi. Ṣé èmi náà á kọ 2656-2 ni?

Finance_Ekiti

Àbúrò, tìẹ yàtọ̀. Kọ́kọ́ mú ìwé kóòtù yẹn, kà á láti òkè délẹ̀. Tí adájọ́ bá pàṣẹ pé kí ìyàwó àtijọ́ máa wà lórí SBP, o ò lè dá yọ ọ́, o gbọ́dọ̀ sọ fún DFAS, iléeṣẹ́ tó ń san owó ológun, láàárín ọdún kan kí wọ́n sọ ọ́ di ti ìyàwó àtijọ́, òun náà láǹfààní láti fi ìwé kóòtù ránṣẹ́ fúnra ẹ̀ láàárín ọdún kan náà. Tí kóòtù ò bá sọ nǹkan kan nípa SBP, fi ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n á dá owó yíyọ dúró torí o ò níyàwó mọ́, ìyẹn kì í ṣe jíjáde. Tí o bá wá fẹ́ ẹlòmíì, o ní ọdún kan láti ọjọ́ ìgbéyàwó láti sọ bóyá o fẹ́ kó wọlé. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó pẹ́, pe lọ́yà.

OmoSoja_Ibadan

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ ogun Nàìjíríà ni bàbá mi, ó rìtáyà ní 1994, ó kú ní 1997. Ní ti wa níhìn-ín, pẹ́ńṣàn ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn ìrìtáyà ló dájú pé wọ́n máa san, torí náà ọdún méjì tó kù ni wọ́n ṣírò fún màmá mi, ó parí síbẹ̀. Màmá mi ti ń ta aṣọ òkè ní Gbági láti ìgbà yẹn títí orúnkún fi mú un. Mò ń ka 1,430 dọ́là lóṣù títí ọjọ́ ikú tẹ́ ẹ kọ síbí, mo ń fi wé ọdún méjì tiwa. Ẹ̀gbọ́n, mo ń gbé ní Òjòó, kò jìnnà sí Mọ́níyà. Lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì ò ní wó. Tẹ́ ẹ bá bò ó dáadáa kí òjò má wọnú búlọ́ọ̀kù, ó lè dúró dè yín ọdún méjì sí mẹ́ta.

BabaIbeji_Killeen

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ka gbogbo ẹ̀, mi ò tètè dáhùn torí mo fẹ́ ṣe ohun tẹ́ ẹ sọ kí n tó padà wá.

Mo fún ìyàwó mi ní fóònù mi, mo ní kó ka ohun tí Màmá Norfolk kọ. Kò dìde. Ó kà á tán, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tí kò bi mí rí láti ọdún méjìdínlógún tá a ti fẹ́ra, ó ní "tó bá jẹ́ pé lóru òní ni, kí ló máa kàn mí?" Mo la ẹnu, mi ò rí nǹkan sọ. Mi ò mọ̀. Ṣé ẹ rí i, mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ orúkọ ẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù kí n tó lọ sójú ogun, mi ò jókòó sọ ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù náà fún un lọ́jọ́ kan.

Àwa méjèèjì wá kó ìwé jáde sórí bẹ́ẹ̀dì. SGLI, ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí tí mo ní nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun, mo rò pé ó ṣì wà. Kò sí. Ó yẹ kí n ti yí i padà sí VGLI, ti ẹni tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, láàárín ọjọ́ 240 tí mo bọ́ síta, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò ní bi mí nípa ìlera rárá, àyè tó kẹ́yìn pátápátá jẹ́ ọdún kan àti ọjọ́ 120, mo ti rìtáyà ní ọdún méjì ó lé, gbogbo ẹ̀ ti kọjá. Mo wá pe arákùnrin ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, mo ní kó kọ iye yẹn sílẹ̀ bí Bọ̀dá Ẹ̀gbá ṣe wí. Nọ́ọ̀sì wá gba ẹ̀jẹ̀ mi nílé, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru láti 2016, mo tún ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sùn torí èémí tó máa ń dúró lójú oorun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iye tí wọ́n dá padà ju ìlọ́po méjì 169 lọ, fún ogún ọdún péré, ogún ọdún yẹn dẹ̀ máa parí nígbà tí mo bá di ẹni àádọ́rin ó lé díẹ̀. Arákùnrin náà bẹ̀ mí, ó ní òun ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, mo gbà á gbọ́.

Ìyàwó mi ò pé ọdún márùndínláàádọ́ta. Obìnrin ilé wọn máa ń pẹ́ láyé, ìyá ìyá ẹ̀ ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń rìn fúnra ẹ̀. Mo wò ó pé tí mo bá lọ ní ọgọ́ta ọdún, ó lè lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn mi. 401k ẹ̀ dára, àmọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún lọ́dún tó ń bá ọjà lọ sókè, mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ rà á.

Mi ò kọ fọ́ọ̀mù náà mọ́. Ilé Mọ́níyà á dúró, OmoSoja, tó o bá lè bá mi wá ẹni tó máa bo orí búlọ́ọ̀kù, jọ̀ọ́ kọ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Ohun kejì tá a sọ ni pé a máa yí ìwé ilẹ̀ yẹn sí orúkọ àwa méjèèjì, mo ti pe sọ̀fíyọ̀ lánàá, a dẹ̀ máa kọ ìwé ìhágún lọ́dọ̀ lọ́yà níbẹ̀ àti níbí. Èyí ló tiẹ̀ gba omi lójú ìyàwó mi, kì í ṣe SBP.

Finance, ìbéèrè kan ló kù. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ dáadáa sọ́hùn-ún? Orúkọ ìdílé ẹ̀ àtijọ́ ló wà lórí páálí nọ́ọ̀sì ẹ̀, tèmi ló wà lórí ìwé ìgbéyàwó.

Finance_Ekiti

Bọ̀dá mi, inú mi dùn. Ẹ wọ myPay, ìkànnì DFAS lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ìwé àkáǹtì rìtáyà tí wọ́n ń pè ní RAS, apá kan wà níbẹ̀ fún SBP, ẹ máa rí irú ààbò tẹ́ ẹ ní, iye tí wọ́n ń yọ, iye tí ìyàwó máa gbà, àti ọjọ́ ìbí ìyàwó yín. Ẹ wo ọjọ́ ìbí yẹn dáadáa, mo ti rí i tí wọ́n kọ ọdún ọkọ síbẹ̀. Tí nǹkan kan bá yàtọ̀, ẹ kọ̀wé sí DFAS nísinsìnyí tẹ́ ẹ wà láàyè, ẹ fi ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó sí i. Ẹ tẹ RAS yẹn jáde sórí bébà, ẹ fi sínú fáìlì kan pẹ̀lú DD 214 yín, ìwé ìjáde kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun, kẹ́ ẹ fi ibi tí fáìlì wà han màmá ìbejì.

MamaNorfolk

Àbúrò mi, mo rí i. Bá mi kí ìyàwó rẹ. Tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kó kọ sí mi, mo máa ń wà nílé lọ́jọ́ Sátidé.

Fáìlì tí Finance sọ yẹn, ti ọkọ mi jẹ́ àwọ̀ ewé, òun ló kọ "Ìyá Tóyìn" sára ẹ̀ fúnra ẹ̀ pẹ̀lú máákà dúdú. Mi ò mọ ìgbà tó kọ ọ́. Nínú ẹ̀ ni mo ti bá fọ́ọ̀mù 2008 yẹn, tó sáìn apá tiẹ̀, tí apá tèmi ṣófo.